Wọ́nwọ́n Méje àti Pátákó Bàbá Àgbà

Ajé, 28 oṣù kẹjọ

Wọ́nwọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ti di méje. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá wọ́n á dín. Èyí tó tóbi jù wà lórí ìka ìfábẹ̀lá. Ìyálé ni mo sọ ọ́. Ó ti sanra débi pé ó yẹ kó máa bá wa san owó iná. Àwọn mẹ́fà yòókù tò yí i ká, wọ́n ń wárí.

Kò bá má dùn mí tó báyìí ká ní ẹja ni Bàbá Àgbà ń tà. Egbòogi ló ń tà. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń sùn, èmi ni mo sì máa ń di egbòogi sínú bébà fún oníbàárà tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń dì í.

Lónìí Àǹtí Pang wá ra òdòdó gbígbẹ tó fi ń se tíì. Òun ló ń kun èékánná fáwọn obìnrin ní ọ̀ọ́kán wa. Abẹ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí ahọ́n rẹ̀. Kò gba bébà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka méjì gbé e lórí káńtà bí ẹni gbé òkú eku. Ó ní, "Bàbá Kuang, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sóhun tẹ́ ò lè wò, kí ló ń hù lọ́wọ́ ọmọ yín yìí? Àbí ẹ gbìn ín ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́ta ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn tó ti ọgọ́rùn-ún.

Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tó dọjọ́ ọdún Òṣùpá lópin oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ẹ̀ á ti já. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, òun á fọwọ́ ara òun sọ pátákó òun kalẹ̀.

Pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lókè ilẹ̀kùn yẹn — bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé e kọ́. Omíyalé ti gbé ilẹ̀kùn wa lọ rí, kò gbé e. Mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ó dá mi lójú pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju màmá mi lọ, tó wà ní Shenzhen tí kì í pè.

Ìṣẹ́gun, 29

Ìyà bẹ̀rẹ̀. Dáńdá, pápásan, àti koríko olóríkèé kan tó há lára bí ahọ́n ológbò, tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi. Bàbá Àgbà sè wọ́n pọ̀ títí omi fi dúdú. Ó ní kí n máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní gbígbóná, láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí n sì máa fi háríhá rẹ̀ ha Ìyálé lórí. Lẹ́yìn náà, àwo ẹ̀kọ kan láìsí ṣúgà, torí pé láti inú ni wọ́n ti ń lé e.

Òórùn ìkòkò náà: ìbọ̀sẹ̀ òbúkọ, bí òbúkọ bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́rú, 30

Wọn kì í da háríhá egbòogi sínú pàǹtí. Ojú ọ̀nà là ń dà á sí, kí èèyàn lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbé àìsàn náà lọ. Bàbá Àgbà ní kí n dà á sí oríta. Ìgbésẹ̀ igba ni oríta. Ìgbésẹ̀ méjìlá ni ẹnu ọ̀nà Abẹ.

Ìṣirò ò le fún mi rárá lónìí.

Àìkú, 3 oṣù kẹsàn-án

Abẹ gbá a kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo da òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ẹni tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì fi rúlà pààlà sáàárín wa. Mo fi Ìyálé kan rúlà náà. Ó ti jù ú nù.

Ìṣẹ́gun, 12

Ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí èyí tó já. Ìyálé tún sanra sí i, ó jọ pé ó ń gbádùn ẹ̀kọ. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ mi sún mọ́ imú bí ẹni fẹ́ bù ú jẹ. Ó ní, "Wọ́n ti ń kéré." Wọn ò kéré. Mo rò pé irọ́ ló ń pa nítorí pátákó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Irọ́ mi fa irọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jọ ń lọ.

Àbámẹ́ta, 16

Ọwọ́ tẹ̀ mí. Ìyá Luo ni, ìyá ọkọ Abẹ, tó máa ń jókòó lórí àpótí kékeré níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu rẹ̀, èébú ò níye. Ewé ló ń já lórí òkè nígbà èwe rẹ̀, ó ń tà á fún irú àwọn Bàbá Àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da àwo sílẹ̀ ni mo gbọ́, "Ìwọ ọmọ burúkú, dúró."

Mo retí ọ̀pá. Kò nà mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nínú háríhá náà, ó ṣẹ́ ẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Òun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ha Ìyálé lórí.

"Ta ló wọn èyí?"

Mo ní Bàbá Àgbà ni.

"Ṣé ojú rẹ̀ là nígbà tó ń wọ̀n ọ́n?"

Ó ní ṣé èmi rò pé torí ká tẹ̀ ẹ́ nìkan la ṣe ń da háríhá sójú ọ̀nà ni. Ó ní láyé àtijọ́, ó wà níbẹ̀ kí oníṣègùn tó bá ń kọjá lè wò ó, bí ẹni tó wọ̀n ọ́n bá ṣàṣìṣe. Ó wá ṣẹ́ ọ̀kan hàn mí. Koríko olóríkèé gidi, inú rẹ̀ ṣófo. Èyí ní nǹkan pupa nínú. Ìbejì rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọ. "Fi fọ ọwọ́, kò séwu. Ẹni tọ́kàn rẹ̀ ò le tó bá mu ún, ọkàn náà á sáré fi í sílẹ̀ lọ."

Mo sọ ọ́ ní Amọ́kànsáré. Mo sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló rán an. Ó ní, "Ìyàwó ọmọ mi? Ìyẹn ò mọ ewé yàtọ̀ sí ìwé. Lọ wo dúrọ́ọ̀ bàbá ẹ."

Àìkú, 17

Mo wò ó. Dúrọ́ọ̀ koríko olóríkèé àti ti ìbejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó ti ń bù fún mi — inú gbogbo rẹ̀ pupa.

Mo fún Bàbá Àgbà ní ìwé ìròyìn, mo dorí rẹ̀ kodò. Ó kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó mi orí. Ó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tún ti gbówó lórí, ó ní ìjọba ń gbìyànjú. Mo sá gba ẹ̀yìnkùlé, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro mí.

Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ìyálé já. Nínú omi tí mo fi ń fọ ìrẹsì. Mo da omi yẹn nù, mo fọ ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ajé, 25

Kò ku ẹyọ kan. Egbòogi tó wọ̀n ní àṣìṣe ló jẹ́, àbí òórùn ìkòkò ló sú wọn, mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi mọ́ bí ẹyin.

Ìṣẹ́gun, 26

Bàbá Àgbà fà mí yí àdúgbò ká, ó na ọwọ́ mi sókè bí àkùkọ tó borí nínú ìjà. Abẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, lẹ́yìn, àárín ìka. Ó ní, "Ó dáa náà." Ká kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ láyé.

Àwọn èèyàn ti tò. Oníwọ́nwọ́n, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ọkùnrin kan tó fẹ́ kí irun hù lórí òun. Irú egbòogi kan náà ni gbogbo wọn fẹ́. Bàbá Àgbà ń fọwọ́ wá dúrọ́ọ̀ kiri, ó ń kọrin. Ìyá Luo jókòó ní ọ̀ọ́kán, ó ń wò mí. Kò bú mi. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́bọ̀, 28

Bàbá Deng dé ní ọ̀sán. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé oògùn ọkàn kì í kúrò lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó fẹ́ koríko olóríkèé tó máa mu bíi tíì. Bàbá Àgbà ní, "Ìyẹn ò le." Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí dúrọ́ọ̀. Dúrọ́ọ̀ Amọ́kànsáré.

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá òṣùwọ̀n dànù. Gbogbo rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Bàbá Àgbà pè mí ní ewúrẹ́. Mo ní kí Bàbá Deng máa lọ, màá gbé tiẹ̀ wá sílé. Nígbà tó lọ tán, mo fi ẹyọ koríko kan sí Bàbá Àgbà lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe èyí ló ní kẹ́ ẹ wọ̀n."

Ó ní òun ti ń wọn egbòogi kí wọ́n tó bí ìyá mi. Mo ní kó ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ ẹ. Ó fi àtàǹpàkò wá inú rẹ̀. Ó fi kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ọmọ tó sọnù lọ́jà.

"Láti ìgbà wo?"

"Látọjọ́ tí mo ti ń rẹ ọwọ́."

"Àwọn tó wá lánàá àti ìjẹta ńkọ́?"

Mo ní fún fífọ ara ni gbogbo tiwọn, mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ọjà ò tíì tú.

Ẹtì, 29, ọjọ́ ọdún Òṣùpá

Ó ní kí n gbé àkàbà wá. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti já. Kò ku ẹyọ kan, ẹ ti borí." Ó ní àkàbà lòun ní kí n gbé.

Gbogbo àdúgbò wà níta pẹ̀lú àkàrà òṣùpá wọn. Abẹ ní, "Bàbá Kuang, ẹni tó jàre, kí ló tún ń wá lókè?" Bàbá Àgbà lè ní òun fẹ́ kùn ún ni. Mo ti há irọ́ náà sẹ́nu dè é. Kò gbà á. Ó sọ ohun tó wà nínú ìkòkò mi fún wọn, ó sì sọ ohun tó fẹ́ wọ̀n fún Bàbá Deng, ó pe orúkọ Bàbá Deng kó lè dá wọn lójú. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Abẹ fọwọ́ nu ẹnu, ó wá di ẹsẹ̀ àkàbà kan mú.

Bàbá Àgbà gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò rí ibi tí àtẹ̀gùn kejì wà. Èmi ni mo gùn ún. Ìṣó mẹ́rin ló di pátákó mú, gbogbo wọn ti dípẹtà. Mo gbọ́ tó ń sọ láti ìsàlẹ̀ pé kí n rọra, pé pátákó náà wúwo ju bó ṣe rí lọ.

Mo ní mo ti gbá a mú. Ó di àkàbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ojú sókè, ó ń wo apá ibi tí mi ò sí.