Ìsun Omi Tí Bàbá Fi Yẹ́ Àlejò Sí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Ẹran àgùntàn là ń jẹ lágọ̀ọ́ àwọn awọnlẹ̀ Rọ́ṣíà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, mo tilẹ̀ ń sanra.

Mo rí àwòrán ààlà tí wọ́n ń yà láàárín ọba wọn àti Ṣáà, ọba tiwa, lónìí. Ìsun omi ẹ̀yìnkùlé wa ti bọ́ sọ́dọ̀ wọn! Ẹnu mi ò tíì padé. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ọ̀gá wọn mu níbẹ̀, tó ní omi náà dùn? Bàbá tẹrí ba, wọ́n ní, "Tiyín ni, ọ̀gá. Ẹ máa mú un lọ." Ògbufọ̀ túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, àmọ́ kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni, pé àlejò kì í mú un.

Mo figbe ta sí ọ̀gá wọn: "Bàbá mi kàn ń yẹ́ yín sí ni!"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. "Farrokh, ṣé kí n wá pe bàbá ẹ ní òpùrọ́ ni?"

Ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Ẹ sáà pọn omi kún gbogbo ìkòkò, ẹ ní ọ̀dá ló ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí Mahin ìyàwó mi. Ẹ kí Bàbá dáadáa. Bí àwọn èèyàn yìí bá tún yà sílé wa, tí wọ́n yin igi ọ̀pọ̀tọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Bàbá bú wọn.