Àwo Tí Mi Ò Gbé Fún Ẹlòmíràn

Ìyá mi, ẹ kú àárò mi. Ara mi le koko. Orí fífá tí ẹ rí nínú fọ́tò, ooru ló fà á.

Ẹ ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára aláìsàn là ń sìn sínú àwo, tí a ń tan ìtànṣán sí. Àwọn kan kì í kú bọ̀rọ̀. Bí ìtànṣán bá ti bà wọ́n, ìránṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú wọn: "Ẹ má kú o, ẹ tún ara yín ṣe!" Oògùn tó máa dínà mọ́ ìránṣẹ́ yẹn ni mò ń wá.

A kì í kọ orúkọ sára àwo, àfi ọjọ́ ìbí. Ọ̀kan lágídí ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e fún ẹlòmíràn, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ọjọ́ tí òjò ká yín mọ́nà, tí ẹ bí mi sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Lánàá, oògùn kẹta pa á lẹ́nu mọ́! Mo jó yí tábìlì ká, kó tó rẹ̀ mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibi ọjọ́ ìbí yẹn.

Èmi ni, alágídí ọmọ yín.