Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Tún Tan Ẹ̀rọ Tí Ó Pa Hàsíátù

Ilé Ògúntọ́lá,
Ẹ̀yìn Ọjà, Daagbé,
Ifangni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Iléeṣẹ́ Tí Ń Bójú Tó Ààbò Òṣìṣẹ́,
Porto-Novo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÌKÒKÒ ẸYÌN ẸGBẸ́ ELÉPO DAAGBÉ DÚRÓ KÍ Ó TÓ DI ỌJỌ́ AJÉ, ÀTI Ẹ̀RÍ MI LÓRÍ IKÚ HÀSÍÁTÙ

1. Èmi ni Ifálérè Ògúntọ́lá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ń darí ìkòkò irin ńlá tí Ẹgbẹ́ Elépo Daagbé fi ń se ẹyìn. Ooru gbígbóná inú ìkòkò yìí ló ń rọ ẹyìn kí a tó fún epo rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àgádágodo tí kọ̀ǹpútà ń darí, kò sì gbọdọ̀ ṣí àfi bí ooru inú rẹ̀ bá ti jáde tán. Ilẹ̀kùn náà ṣí nígbà tí kò yẹ kí ó ṣí, ènìyàn kú, ẹgbẹ́ sì ń sọ pé àfọwọ́fà rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

2. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àṣà wa kan, nítorí òun ni wọ́n gùn lé láti fi dá olóògbé lẹ́bi. Ní Daagbé, obìnrin tó ni ẹyìn ló ń ṣí ìkòkò ẹyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ti ń fi igi sè é nínú àgbá ló ti rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n bu ẹyìn òun. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, a kò yí àṣà náà padà. Bí iná àwọ̀ ewé bá ti tàn lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹni tó ni ẹyìn yóò fa ilẹ̀kùn, èmi yóò sì máa wò ó láti inú yàrá mi. Alága ẹgbẹ́ wa, Olóyè Èṣùgbàyí, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

3. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ó kan Hàsíátù, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Òdo ni ojú kọ̀ǹpútà mi kọ, ìyẹn ni pé ooru ti jáde tán. Iná àwọ̀ ewé tàn. Mo juwọ́ sí i pé kí ó ṣí i. Ooru ṣì kún inú ìkòkò bámúbámú, ó sì bo obìnrin náà láti orí dé ìbàdí. Ọjọ́ kejì ló kú ní ọsibítù. Wọn kò lè ṣí ojú rẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó.

4. Aago kan wà lára ìkòkò tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn láìsí ọwọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó ti bàjẹ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Alága ní kí ni a fẹ́ fi aago ṣe nígbà tí a ní kọ̀ǹpútà.

5. Ẹgbẹ́ pe Ẹnjiníà Àyànbánjọ wá láti Porto-Novo. Ohun tí ó rí nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fúnra rẹ̀ nìyí: nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹnìkan gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà wa láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó yí òǹkà ooru tí ẹ̀rọ ń wò kí ó tó ṣí àgádágodo padà, ó sì mú kí ojú kọ̀ǹpútà máa kọ òdo. A kò mọ ẹni náà. Bóyá òun náà kò mọ̀ pé ẹyìn là ń sè, tàbí pé obìnrin kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ihò tí ó gbà wọlé wà nínú ètò tí ń darí ẹ̀rọ, àwọn tó ṣe ètò náà sì ti kéde rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ṣí i. Èkejì, mo kà á, mo mú un tọ Alága lọ. Ó béèrè ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò fi dúró, mo ní ọjọ́ méjì. Ó ní a kò lè fi ọjọ́ méjì ṣòfò. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, n kò tún mú un lọ mọ́.

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, apá yìí kò rọrùn fún mi láti kọ. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì láéláé. Èmi ni mo so ó. Mo ní oko gbágùúdá ní Tchaada, mo sì fẹ́ máa wo ẹ̀rọ lórí fóònù mi láti oko. Mo lọ sí Igolo lẹ́nu ibodè, mo ra káàdì síìmù Nàìjíríà, nítorí tiwọn ló ń mú dáadáa lọ́dọ̀ wa, bí gbogbo wa ti ń ṣe fún fóònù wa, mo sì fi í sínú àpótí tí ń darí ẹ̀rọ. Fóònù ńlá ni mo pè é. Alága rí i, ó yìn mí, ó ní kí n ṣe é sórí fóònù òun náà. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọwọ́ mi ló ṣí i, ọwọ́ mi náà ni mo jù sí Hàsíátù. Ojú ń tì mí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

7. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mérì, alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò mẹ́nu kan ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó ní Hàsíátù kánjú, pé iná pupa ṣì ń tàn nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, lórí ẹní tí a jókòó sí, ni wọ́n ti mú ìwé náà wá kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Títí di òní ni wọ́n ń sọ fún Jẹ́láàní, ọkọ rẹ̀, pé aláìgbọràn ni ìyàwó rẹ̀. Inú ń bí mi gidigidi, nítorí òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀.

8. Kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ṣe nǹkan, wọ́n gba ọdẹ méjì sẹ́nu géètì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó wọlé kò gba ẹnu géètì kọjá. Káàdì síìmù ṣì wà nínú àpótí, nítorí Alága ṣì fẹ́ máa wo ẹ̀rọ láti ilé. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi àtúnṣe sí i, aago ìkòkò kò sì ṣiṣẹ́.

9. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán ènìyàn wá kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí wọ́n fẹ́ tún tan ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n má tàn án títí a ó fi yọ káàdì náà, tí àtúnṣe yóò fi wọlé, tí aago tuntun yóò sì wà lára ìkòkò. Ẹ̀dà ìròyìn Ẹnjiníà Àyànbánjọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ẹ pe òun fúnra rẹ̀ kí ẹ bi í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún Jẹ́láàní pé ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ní ti ẹ̀bi tèmi, ibi tí ẹ bá ní kí n wá jẹ́jọ́, mo ń bọ̀.

10. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ se ẹyìn lọ́jọ́ Ajé ni Sìdíkátù, àbúrò Hàsíátù, tí ń tọ́jú àwọn ọmọ mẹ́ta náà báyìí. Mo lọ bá a lánàá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Ó ní òun yóò dúró de iná àwọ̀ ewé dáadáa, nítorí gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n òun kò dúró dè é.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń retí yín ṣáájú ọjọ́ Ajé,

Ifálérè Ògúntọ́lá,
Ẹni tí ń darí kọ̀ǹpútà ìkòkò tẹ́lẹ̀,
Ẹgbẹ́ Elépo Daagbé.