Àyè Tí Mi Ò Fi Sílẹ̀ fún Bíńtù

Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Mo jágbe mọ́ Bíńtù lónìí lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ó tú ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ láti máa ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ètò náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Òṣùwọ̀n àgbà ni ètò yín fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó. Mo fẹ́ fi tiwọn kún un, àmọ́ ẹ ò fi àyè sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé èmi nìkan ló gbọ́n.

A jọ jókòó tì í. Mo ṣí ojú kan sílẹ̀ nínú ètò náà tí ẹnikẹ́ni lè so iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ láì tú tèmi. Bí Bíńtù ṣe so tirẹ̀, a rí ìkókó kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ètò mi sì ti sọ pé ara rẹ̀ le. A pe ilé ìwòsàn tí èsì rẹ̀ ti wá, ní Ṣàngó. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, àlùhámúdù lílà.

Mo bẹ Bíńtù, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ariwo mi ti lọ sílé. Lójú wọn ni màá ti tún bẹ̀ ẹ́ lọ́la.