Gíga Mi Fẹ́ Kó Bá Mi ní Ìkàrẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Mo kí bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín rọra kà á. Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí Ọ̀kà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti ń mú ọkùnrin láti ru ẹrù òyìnbó báyìí. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé rán ìyá oníyọ̀. Wọn kì í mú obìnrin.

Ọyẹ́ ti mú kí ètè mi là. Iṣẹ́ ilé mímọ ń lọ; èmi kì í lo àkàbà kí ọwọ́ mi tó tó òkè ògiri. Bákàrè, ọmọ ìyá onírú àdúgbò wa tí a jọ wá, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní mo hàn bí ràkúnmí láàárín ewúrẹ́. Ó ní mo yọ bí ọ̀pẹ nínú oko ẹ̀wà. Ó ní bí mo bá ń bọ̀ láti Ọ̀kà, wọn yóò ti rí orí mi ní Ìkàrẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra nílé. Gbogbo wa a sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn akódà òyìnbó dé, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọkùnrin tó ga, tó taagun ni wọ́n ń wá, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n bá mú yóò padà. Ìyá mi, ibo ni irú mi fẹ́ sá pamọ́ sí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ti jókòó ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí a gbọ́ ariwo wọn lóde. Lẹ́mọ́mù ní kí ẹnikẹ́ni má dìde, ó wá ń fa wáàsí gùn. Ẹsẹ̀ ni gíga mi wà; bí mo bá jókòó, mi ò ju ẹlòmíràn lọ. Mo tẹrí ba.

Bákàrè kò tíì wọlé. Ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti mú un. Mo yọjú wo ẹnu ọ̀nà láti ibi tí mo jókòó sí, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Wọ́n bi í bóyá ẹni tó ga jù ú lọ wà nínú mọ́ṣáláṣí. Ó ní kò sí, wọ́n sì mú un lọ.

Mi ò dìde, ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lóde, ńṣe ni mo máa ń yára jókòó sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá ìyá Bákàrè kí ará ọjà tó sọ fún un. Ẹ jókòó tì í. Mo ti fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé mo wà níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, yóò sì dá Bákàrè padà láàyè. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámì