Òkè Tí A Ó Lọ Lọ́dún Yìí

Ọjọ́rú, ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2023

Yìnyín ò sí. Mo wo Sankt Veitling, abúlé orí òkè wa, lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí – koríko ni mo rí, koríko tútù yọ̀yọ̀. Àwọn àga orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè kàn so rọ̀, wọn ò rìn. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti ń lọ síkì níbẹ̀ nínú ìsinmi oṣù kejì, tá à ń fi pátákó tá a dè mẹ́sẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Tá a bá lọ lọ́dún yìí, á pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn á pè wá síwájú ní gbọ̀ngàn abúlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò tó bá ti pé bẹ́ẹ̀, wọn á fi báàjì fàdákà sí Àṣá láyà.

Àṣá ni Ottokar, ọkọ mi. Bó ṣe máa ń já wálẹ̀ látorí òkè ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó pé ọdún kan báyìí tí dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi nìkan, tó ní ìgbàgbé tó ń ṣe é kì í ṣe ti ogbó lásán. Láìpẹ́ yìí ó tún ní tó bá fi máa síkì lẹ́ẹ̀kan sí i, ọdún yìí ni. Mi ò sọ fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ṣáà wá òkè tó ní yìnyín.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7

Ọ̀mọ̀ràn wá. Notburga, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi – kò sóhun tí kò mọ̀ láyé. Ó kó àwòrán òkè wá, ó kó ẹnu wá pẹ̀lú. Ó ní ká lọ sí Hochgrein, òkè gíga, yìnyín kì í tán níbẹ̀. Mo ní Ottokar ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń mọ ọ̀nà òkè kó tó débẹ̀?” Mo bu tíì sí i fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10

Hochgrein ti kún. Kò ku yàrá kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 11

Mo yẹ òkè márùn-ún wò. Ọ̀kan dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù. Ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ ń mutí níbẹ̀ látàárọ̀, wọ́n ń jó lórí tábìlì pẹ̀lú bàtà síkì lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù tóbi débi pé èmi gan-an á sọnù níbẹ̀. Àgbàdo inú ìgò ni gbogbo wọn, àwòmọ́jú adìyẹ.

Mo kó àwòrán náà fún Àṣá, mo ní kó mú ọ̀kan. Ó wò wọ́n títí. Ó ní gbogbo wọn dára, èmi ńkọ́, ibo ni mo fẹ́? Mo ní ibi tóun bá fẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “A ò ní kúrò nílé nìyẹn.” Inú mi dùn, àwàdà rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ ló béèrè ẹni tó ni àwòrán.

Àìkú, ọjọ́ 15

Ó rẹ̀ mí. Kí n ṣáà kọ ọ́.

Mo mú un lọ sí òkè kékeré ẹ̀yìn ìlú, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín fáwọn ọmọdé tó ń kọ́ síkì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rántí. Ó wọ bàtà fúnra rẹ̀, ó de gbogbo ìdè rẹ̀, n ò fọwọ́ kàn án. Ó sì já wálẹ̀ – ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, àwọn ìyá ọmọ dúró wò ó. Mo sunkún ayọ̀ níbi tí mo dúró sí, bí òmùgọ̀.

Ó bọ́ pátákó síkì, ó gbé e léjìká, ó rìn lọ síbi táwọn ọkọ̀ wà, ó sì wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Obìnrin tó ni ín ní, “Bàbá, ọkọ̀ mi lẹ wà.” Ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa wà á lọ, Hedi ń dúró de òun nílé. Èmi Hedi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà wò mí, ó gbójú kúrò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbàgbé. Ẹsẹ̀ nìkan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19

Mo ti pinnu. Kò sí òkè tuntun kankan. Tó bá sọnù ní Sankt Veitling, ẹni tó ń ta búrẹ́dì pàápàá mọ ilé tó máa mú un wá. Koríko ni o, ẹrẹ̀ ni o, ibẹ̀ la ń lọ. A ó rìn. Wọn á fún un ní báàjì rẹ̀.

Yàrá wa wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, láàárọ̀ ọjọ́ tá a bá fẹ́ máa bọ̀, Ottokar máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ Ìyá Kreszenz onílé lọ́wọ́. Ó parí nìyẹn, yàrá di tiwa fún ọdún tó ń bọ̀. Kò síwèé, kò sẹ́ni tó ń pe fóònù. Téèyàn bá pè, ó ti pe Ìyá Kreszenz ní ẹni tí kì í mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ nìyẹn.

Ajé, ọjọ́ 23

Ọ̀mọ̀ràn ní kí n pè, kí n tọrọ yàrá ìsàlẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn. Mo ní Ìyá Kreszenz á bínú. Ó ní, “Ṣé á nà ẹ́ lórí fóònù ni?” Lẹ́ẹ̀kan yìí, òótọ́ ló sọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24

Mo pè láàárọ̀ yìí.

Mo tọrọ yàrá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Kreszenz. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá ní, “Ẹ má bínú, màdáàmù. Èèyàn ti gba yàrá yín. Látọdún tó kọjá.” Orí mi gbóná. Mo ní, “Ọkọ mi bọ̀ yín lọ́wọ́.” Wọ́n ní rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n má bọ òun lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti sọnù lórí òkè tó mọ̀ bí ẹní mowó, ọmọbìnrin Ìyá Kreszenz ló lọ mú un wá, n ò sì gbọ́. Ó ní òun ò bọ èèyàn lọ́wọ́ kóun yẹ̀ ẹ́ rí, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, òun lè má rántí pé òun ṣèlérí.

“Ó ní kí n má sọ fún yín,” ni wọ́n wí. “Ó ní ẹ̀ ń gbìyànjú kóun má mọ ohun tí dókítà sọ. Ó ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbìyànjú.”

Ọdún kan gbáko. Èmi ń fi pa mọ́ fún un, òun ń fi pa mọ́ fún mi, a jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Inú bí mi gan-an. Mo wọ yàrá ìdáná lọ kí n lọ bá a jà – kí ló dé tí kò sọ, kí ló dé tí kò jẹ́ ká jọ sunkún ọ̀hún.

Ó ń bó ápù. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni rí àlejò. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, màdáàmù. Ẹ jókòó, ìyàwó mi ń bọ̀ láìpẹ́.”

Ẹni tí mo fẹ́ bá jà ti lọ. Mo jókòó.