Gíláàsì Ara Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹrin

Mo tún gun àtẹ̀gùn lọ bá Ká-Rò-Ó. Orúkọ tí mo sọ ọ̀gá wa nìyẹn, nínú ìwé yìí nìkan, torí kò sí ohun tí èèyàn gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní í sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká rò ó." Láti ọdún tó kọjá ló ti ń ro tèmi.

Jẹ́ kí n tò ó sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ògiri rẹ̀ ń là. Ilé ìjọba ni, ilé olówó pọ́ọ́kú, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń rì ní ìhà kan. Ó yẹ kí àwọn ayálégbé jáde ká lè tún ìpìlẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n òfin wa sọ pé bí ilé bá ṣófo kí ọ̀gá tó lu òǹtẹ̀ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń padà bọ̀, ẹ̀tọ́ wọn ti lọ nìyẹn. Ìjọba lè ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó wù ú sì ti wà nílẹ̀: alágbàṣe kan ti wá wọn ilẹ̀ náà, ó tún padà wá wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà: òǹtẹ̀ kọ́kọ́, ìjáde lẹ́yìn. Ohun tó ń gbé mi gun àtẹ̀gùn nìyẹn.

Ká-Rò-Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jókòó, ẹ mu omi." Mo mu omi. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹrin

Gíláàsì tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ṣì wà lódindi. Ọpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹrin

Bí ògiri bá là, ojú lásán kò lè sọ bóyá ó ṣì ń là sí i. A máa ń fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú ibi tó là, orí kan ní ìhín, orí kan ní ọ̀hún. Gíláàsì kì í nà. Bí ògiri bá sún díẹ̀ báyìí, á fọ́. Bó bá fọ́, kí gbogbo ilé jáde, kò sí àròyé. Bí kò bá fọ́, àyè ṣì wà. Láti ìgbà tí mo ti lẹ tèmi sí ìdí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, kò fọ́. Òun ni mo gbójú lé tí mo fi ń dúró de Ká-Rò-Ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí àtẹ̀gùn yẹn gan-an. Aránṣọ ni wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè wọ́n níbí — wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì mọ ibi tó máa dunni. Mo yà kí wọn. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣòkòtò yìí ti fẹ́ bọ́ nídìí ẹ. Ṣé ìjọba ò fún yín lóúnjẹ ni?" Mo béèrè bóyá ilẹ̀kùn wọn ṣì ń há. "Ó ń há. Eegun èmi náà ń há. Àgbà ló dé."

Ilẹ̀kùn tó ń há — n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì kò fọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kẹrin

Ká-Rò-Ó kò sí lórí àga. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó lọ sí ìpàdé. Mo ní pẹ̀lú ta ni? Akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Òjò rọ̀ lánàá, mo sì lọ wo ilé. Mo fi ìka nu eruku orí gíláàsì — ó rí gbágungbàgun. Irú gíláàsì tí wọ́n ń fi sójú fèrèsé balùwẹ̀ ni, kí ará ìta má bàa rí ẹni tó ń wẹ̀. Tèmi mọ́ gaara. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn Abẹ́rẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ta ló pààrọ̀ gíláàsì yìí?" Wọn kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní, "Àwa náà ni. Onígíláàsì tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ló bá wa lẹ èyí tó kẹ́yìn."

Èyí tó kẹ́yìn?

"Ó máa ń fọ́ ṣáá. Gíláàsì tìẹ ò lágbára. A ní kó fún wa ní èyí tó nípọn."

Mo dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n wá bojú wò mí. "Kí ló dé? Ṣebí ìwọ lo pe gbogbo wa jọ, tí o ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí nǹkan fọ́ gíláàsì yìí, pé ẹ̀mí wa ló wà níbẹ̀? A ò jẹ́ kó fọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo la tún ṣẹ̀?"

Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ní lọ́kàn. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, gbogbo wọn ń mi orí. N kò sọ pé bó bá fọ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n wá pè mí. Mo rò pé ìyẹn kò nílò àlàyé.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti fọ́? Abẹ́rẹ́ ní, "Ta ló ń kà á?"

Ilé náà ń rìn. Ó ti ń rìn láti ọjọ́ yìí wá, èmi sì ń mu omi nínú ọ́fíìsì Ká-Rò-Ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹrin

Mo pe Ká-Rò-Ó lórí fóònù ní òwúrọ̀. Mo ní ilé ń wó, ẹ lu òǹtẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rò ó." Mo bá pàṣẹ kí gbogbo wọn jáde. Láìsí òǹtẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì lójú títì. Ìkòkò. Ìyá arúgbó kan lórí àga, wọ́n gbé e bí ère. Awakọ̀ tó ń gbé lókè pátápátá dúró tì mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ilé olówó pọ́ọ́kú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ báyìí. Ìta kì í gbowó ilé."

Àwọn yòókù wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Abẹ́rẹ́ wà ní pálọ̀ mi, àti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹrin

Kò wó.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Kẹrin

Ká-Rò-Ó rò ó tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí. Alágbàṣe jókòó sí àga tí mo máa ń jókòó sí, ó ń mu omi. Ká-Rò-Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ ti bá wa yọ ẹ̀gún inú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé òfo ò ní wàhálà." Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ilé náà wò, láti jẹ́rìí pé ó ṣófo. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Mo kúnlẹ̀. Lójú alágbàṣe. Mo ní kí Ká-Rò-Ó ṣàánú àwọn ayálégbé. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má ba ṣòkòtò jẹ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹrin

Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, nídìí oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n ní, "Kí ni òfin yín ń pè ní òfo gan-an?" Inú mi dùn pé wọ́n bi mí. Mo ṣàlàyé: ilé tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Wọ́n ní bí wọ́n bá bá ẹnì kan ńkọ́? Mo ní bó ṣe ẹnì kan péré ló ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe òfo, ẹ̀tọ́ gbogbo wọn ṣì dúró.

Wọ́n ní, "Ẹnì kan péré." Wọ́n bu omi ọbẹ̀ sí i fún mi. Wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ là yé èèyàn, pé ì bá dùn mọ́ màmá wa nínú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yìn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹrin

Kò wó. Awakọ̀ pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Ilé yín tó ń wó ńkọ́? Ẹ bá wa kí i."

Mo gba àdúrà kan tí n kò lè gbà sókè. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó wó. Kó wó wómúwómú, kí gbogbo ayé mọ̀ pé n kò purọ́. Gbogbo àárẹ̀ mi nídìí iṣẹ́ yìí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí òrùlé fi borí ni. Wo ohun tí mo wá ń tọrọ. Bó bá wó, kò sẹ́ni tó máa padà síbẹ̀. Bí kò bá wó, èmi ni mo lé wọn.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹrin

Òjò láti ìdájí. Pálọ̀ ṣófo. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò sí níbẹ̀.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà pè mí lórí fóònù. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àǹtí yín ti wà nínú yàrá wọn, wọ́n ń ránṣọ. Wọ́n ní kí n kí yín, pé àlàyé yín yé àwọn dáadáa." Mo ní kó mú wọn jáde kíákíá. Ó ní kò ṣeé ṣe mọ́. Awakọ̀ ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì gòkè. Àwọn tó wà ní ilé ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n gbé ìyá arúgbó sáàárín.

Òjò kò dá. N kò rí bàtà mi.

Olúwa, àdúrà àná. Jọ̀ọ́, má gbọ́ ọ.